Nígbà tí Òjò bá ń Dágbére

A kò wá sọ̀rọ̀ owó ìdáwó lónìí. Ọ̀rọ̀ ìgbà ni ó wà lẹ́nu wa.

Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní Lọ́ńdọ̀nù a máa ròyìn ìgbà ìwọ́wé àwọn Òyìnbó fún wa: bí ewé igi ti ń pọ́n tí ó sì ń já bọ́, àti bí ilẹ̀ ti ń tètè ṣú. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Lọ́hùn-ún, ọjọ́ tí ó gùn jù lọ́dún fi ohun tí ó lé ní wákàtí 8 gùn ju èyí tí ó kúrú jù lọ; ní Àkókó níhìn-ín, ìyàtọ̀ náà kò tó wákàtí kan. Nítorí náà ni àwọn kan fi rò pé kò sí ohun tí ń yí padà lọ́dọ̀ wa, àfi kí òjò rọ̀, kí ó sì dá. Èrò wọn kò tọ̀nà. Ara afẹ́fẹ́ ni àmì tiwa wà.

Bí oṣù kẹwàá bá ń parí lọ, afẹ́fẹ́ tí ń ru ọ̀rinrin òkun wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn a bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ a sì ti àríwá ìlà-oòrùn wọlé. Òjò àrọ̀kúrò a fi ìjì àti àrá dágbére. Lẹ́yìn èyí, ìrì òwúrọ̀ a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aṣọ àgbẹ̀ a fi rin. Eèsún a yọ ìtànná bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Koríko ẹ̀gbẹ́ àpáta a gbẹ. Àwọn lékeléke a padà dé láti òkè Ọya. Àràbà a wọ́wé. Nígbà tí ó bá yá, ọyẹ́ a dé, eruku tí afẹ́fẹ́ gbé láti aṣálẹ̀, pàápàá láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, a sì bo àwọn òkè Ọ̀kà tí ojú kò fi ní tó wọn láti òkèèrè.

Kí ni èrè mímọ àmì wọ̀nyí? Ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ni í kọ ebè iṣu kí ilẹ̀ tó le, tí í sì í fi koríko bo orí ebè kí oòrùn má bàa jó èèbù rẹ̀. Òun náà ni í ro ẹ̀gbẹ́ oko kòkó yí ká kí iná igbó tó dé. Àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí ti jìyà àìmọ̀ rí. Ní ọdún kan, a ṣe bí ẹni pé òjò ṣì kù, a kò ro ẹ̀gbẹ́ oko ìdílé wa. Eérú ni a padà bá níbẹ̀. Baba wa àgbà ti kìlọ̀ fún wa nígbà tí lékeléke dé, a sì fi í ṣe ẹ̀rín.

Ìgbà kò lọ bí òréré. Òjò kò tilẹ̀ ṣeé fọkàn tẹ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́, àwọn àgbà tí ó mọ àmì sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, a bẹ ẹ̀yin ará ilé: ẹ máa kọ ọjọ́ tí òjò ìkẹyìn rọ̀ àti ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ dé sílẹ̀ lọ́dọọdún, kí a lè máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wálé fún ọdún Kérésìmesì, ẹ bá àgbà kan lọ sóko ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó ń wò.

Ọlọ́run yóò mú wa rí òjò àkọ́rọ̀ tí ń bọ̀. Àṣẹ.