Ẹ̀dọ̀ Wa àti Oògùn Ara Ríro

Kò sí ilé kan nínú wa ní Kánò yìí tí kò ní parasitámọ̀. Ẹni tó ru ẹrù, ẹni tó wa ọkọ̀ ti Èkó dé, hóró méjì, omi tútù, ó parí. A ò bá oògùn náà jà. Bí a bá lò ó bó ṣe yẹ, oògùn rere ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa tí ẹ̀yìn ń dùn ń lo hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Nígbà tí ọ̀fìnkìn mú un, ó fi oògùn ọ̀fìnkìn lé e, kò mọ̀ pé parasitámọ̀ wà nínú ìyẹn náà. Páràgà ló fi ń sùn, oúnjẹ ò sì lọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ẹyinjú rẹ̀ di rúsúrúsú, a ní ibà pọ́njú ni, a se àgbo fún un. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko la fi ṣòfò. Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti sọ fún wa pé àrùn mẹ́dọ̀wú, èyí tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítì B, ti wà lára rẹ̀ tipẹ́. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n kò lè ru ẹrù mọ́.

Ẹ̀dọ̀ ló ń tú parasitámọ̀ palẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń di májèlé, ẹ̀dọ̀ sì ní ohun tó fi ń pa májèlé náà. Ebi ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti ọtí àmujù ń jẹ nǹkan yẹn tán. Ẹni tó ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ti wárápá náà ní láti ṣọ́ra.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le kò gbọdọ̀ kọjá hóró 8 oní-500mg láàrin wákàtí 24. Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu, ẹni tó rù, ọ̀mùtí, kí wọ́n bi dókítà. Ó sábà máa ń dín in kù sí 4. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí èyí sá bá ibuprofen tàbí diclofenac o! Wọ́n lè ba kíndìnrín ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Bí ẹnìkan bá ti lò ó jù, ẹ má dúró de ojú pípọ́n, torí ọjọ́ kìíní lè kọjá kí ara má sọ nǹkan kan. Oògùn tó ń gba ẹ̀dọ̀ là wà, wákàtí 8 àkọ́kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù.

Àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú kò ju ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ní in lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí kálukú kó gbogbo oògùn ilé rẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù wá. Àwọn nọ́ọ̀sì àárín wa yóò wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò ní bú ẹnikẹ́ni.