Ẹ Má Dúró Dìgbà Tí Ara Bá Yá: Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́-jáde Iṣẹ́ Ọnà ní Ìlọrin

Ẹ̀yin ọmọ tí a torí yín pé jọ, ẹ kú oríire. Ẹ tún kú ìfaradà: amọ̀ tó ń wọ èékánná, ọ̀dà tó ń ba aṣọ ọdún jẹ́, iná mànàmáná tí kì í lọ àfi ìgbà tí iṣẹ́ bá wọra.

Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ni, gbólóhùn kan wà tí mo ti gbọ́ títí ó fi sú mi: “Ma, ara mi ò tíì yá sí i.” A fún ọmọ níṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, pátákó ṣì funfun báláú. Bí mo bá béèrè, ohun tó máa sọ nìyẹn. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ o. Ó gbà tọkàntọkàn pé nǹkan kan ń bọ̀ láti ibì kan, tó máa wá gbé òun dìde, àti pé kó tó dé, bí òun bá fọwọ́ kan iṣẹ́, òun á bà á jẹ́. Níhìn-ín, mo lè gba ìgbàgbọ́ yẹn lọ́wọ́ yín. Mo máa dá ọjọ́, ọjọ́ á pé, ẹ ó sì gbé iṣẹ́ wá, ara yá o, ara ò yá o. Láti ọ̀la lọ, kò sí Ma tó máa dá ọjọ́. Ohun tó ń já mi láyà nípa yín nìyẹn. Ìmọ̀ọ́ṣe yín kò kọ mí lóminú rárá.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Dada, àdúgbò àwọn amọ̀kòkò ní Òkèlélé níbí. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbé ìwé ìyàwòrán débẹ̀, ẹ ti ya ìkòkò tí wọ́n tò jọ, ẹ ti gba máàkì lé e lórí. Ẹ tún padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ má ya nǹkan kan, kí ẹ kàn jókòó wo ìyá kan tó ń mọ ìkòkò. Ó ti gún amọ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi rọ̀. Ó dojú ògbólógbòó ìkòkò kan délẹ̀, ó tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, ó ń lù ú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo ìdí náà yíká. Bó bá le díẹ̀, á yọ ọ́, á gbé e jókòó, á wá máa fi amọ̀ gbọọrọ tó ti yí láàárín àtẹ́lẹwọ́ mọ ọ́n lọ sókè, á fi àkísà tútù dán ẹnu rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀. Nígbà tí ìkòkò bá gbẹ tán, wọ́n á kó wọn jọ sí gbangba, wọ́n á to igi àti koríko bò wọ́n, wọ́n á sì dáná sí i. Bí wọ́n ṣe ń fi igi gígùn yọ wọ́n nínú iná ni wọ́n ń wọ́n omi tí wọ́n rẹ èèpo èso igi irúgbá sí lé wọn lórí. Ìkòkò á dún ṣàà, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà lójú yín.

Ta ló béèrè lọ́wọ́ ìyá yìí bóyá ara rẹ̀ yá? Amọ̀ tó ti gún kò ní dúró dè é. Bó bá jẹ́ kó gbẹ, á tún un rẹ, á tún un gún. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, kò ní lè sun ìkòkò, bẹ́ẹ̀ oníbàárà tó fẹ́ kó o lọ sọ́jà ti dájọ́. Àmọ́ ẹ wo èjìká ìkòkò náà dáadáa kí ẹ tó dìde. Ẹ ó rí ilà wínníwínní tó yí i ká, bóyá ṣùkù àgbàdo ló fi tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó sanwó ilà yẹn. Omi inú àmù kò mọ̀ bóyá ilà wà lára àmù. Ọwọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìdájí ni ọgbọ́n ilà wá bá, kò sí bó ṣe lè wá bá ọwọ́ tó ká lẹ́rán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ladi Kwali, obìnrin tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó ogún náírà. (Ẹ fi owó yín sápò, ẹ máa wò ó tí ẹ bá délé.) Àǹtí rẹ̀ ló kọ́ ọ ní mímọ ìkòkò nílùú Kwali. Aláǹgbá, àkekèé, ọ̀nì, ẹja, ohun tó ń rí láyìíká ló ń fín sára ìkòkò omi, ó sì ń rìn yí ìkòkò ká bó ti ń mọ ọ́n. Ìkòkò rẹ̀ ti dé ààfin ọba Abuja àtijọ́, tí a ń pè ní Suleja lónìí, kí Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tó mọ̀ ọ́n. Ní 1954 ló wọ ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀. Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí òkìkí tó dé.

Ẹ̀yin agbẹ́gilére, mo mọ̀ pé ẹ ti ń wojú mi. Ẹ gbọ́ ti Làmídì Fákẹ́yẹ, tó kú ní 2009. Ìlá Ọ̀ràngún ni ilé wọn, ìdílé agbẹ́gilére sì ni: bàbá gbẹ́gi, bàbá ńlá gbẹ́gi, òun náà ti ń gbẹ́gi láti kékeré. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àbínibí ni, ta ló tún tó o? Síbẹ̀, nígbà tó ti dàgbà tó ẹni tí í dá dúró, ó lọ bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ lákọ̀tun lọ́dọ̀ George Bándélé ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll àti ẹnìkejì rẹ̀ dá sílẹ̀ fún ìjọ Àgùdà ní 1947. Ẹ̀yin ọmọ Kwara, tiwa ni Bándélé yìí. Ọmọ Àrẹògún ti Òsì ni, Òsì tó wà ní ìhà Èkìtì ìpínlẹ̀ wa, Àrẹògún tí ilẹ̀kùn àti ère rẹ̀ ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkèèrè tí púpọ̀ nínú yín ò tíì dé Òsì.

Ẹ fojú inú wo ibi iṣẹ́ yẹn. Mùsùlùmí ni Làmídì. Ọ̀gá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹni tó ń gbẹ́ ère Ẹ̀pà àti ère òrìṣà. Fadá ló ń gbé iṣẹ́ fún wọn, ìtàn Bíbélì ló sì fẹ́ lára ilẹ̀kùn ìjọ. Ṣé ìmísí kan ló bà lé gbogbo wọn lórí lọ́jọ́ kan náà ni? Iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ wọ́n, ìṣòro sì wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ àwọn amòye tó wá kí Jésù nígbà tí wọ́n bí i, tí kò rí ará Ìlà-Oòrùn rí, kí ló máa gbẹ́? Wọ́n gbẹ́ ọba Yorùbá tó dé adé. Ìṣòro tí ẹni tó bẹ̀ wọ́n níṣẹ́ gbé wá ló bí ère tí ẹnì kankan ò tíì gbẹ́ rí. Èmi ò rò pé Bándélé ì bá dá ronú kan èyí nílé ara rẹ̀, bó ti wù kó jókòó pẹ́ tó lábẹ́ igi.

Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa mọ ibi tí iṣẹ́ ń gbà. Ọnà lílé ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe, wọ́n á fi àáké la igi sí orí, ara, ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àlétúnlé, tí ojú, etí àti ọwọ́ á máa yọ. Dídán tẹ̀ lé e. Fínfín ló gbẹ̀yìn, tí wọ́n á fi ọ̀bẹ fín irun, ilà ojú àti ọnà ara aṣọ. Fínfín ni gbogbo yín fẹ́ràn, mo ti rí yín. Ibẹ̀ ni ara ti ń yá, ibẹ̀ lẹ ti ń ya fọ́tò. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ẹni tí inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń sọ àáké sí ìtì igi tútù láàárọ̀, tí igi náà ò jọ nǹkan kan. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọnà lílé kò béèrè pé kí ara yá. Kó o mọ ibi tí orí máa wà, kó o gbé àáké, ó tó.

Ẹnì kan máa sọ fún yín pé, “Òṣogbo ńkọ́?” Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí ò kàwé púpọ̀ kàn wọlé sọ́dọ̀ àwọn òyìnbó méjì, Ulli àti Georgina Beier, ní nǹkan bí 1964, wọ́n fún wọn ní ọ̀dà, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n di gbajúmọ̀ ayàwòrán. Ìtàn dídùn ni, ó sì máa ń fo ibi tó ṣe pàtàkì jù. Ilé Mbari Mbayo, ibùdó iṣẹ́ ọnà Òṣogbo náà, ti ń ṣiṣẹ́ láti 1962. Ẹgbẹ́ eléré Dúró Ládiípọ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ń dánrawò, wọ́n ń gbé eré kiri ìlú. Ẹni tó ń bójú tó iná orí ìtàgé wọn ni Jimoh Buraimoh. Òṣèré ni Muraina Oyelami nínú ẹgbẹ́ náà. Twins Seven-Seven, ijó ló gbé e débẹ̀. Àwọn èèyàn tí ọwọ́ wọn ti gbóná ni wọ́n fún ní ọ̀dà. Nígbà tí Buraimoh sì ń wá ohun tó máa jẹ́ tirẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ló mú, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ṣe adé ọba láti ayébáyé. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ó fi ya àwòrán.

Nípa ìlẹ̀kẹ̀ náà, Ìlọrin ní ẹ̀kọ́ kan tí kò dùn. Àwọn tó wá síbí lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántánà, òkúta pupa tí wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n ń lu, títí tó fi ń dán. Ìlú yìí gbajúmọ̀ fún un. Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ Yúróòpù kún ọjà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, iṣẹ́ náà rọ, ó rọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ara àwọn oníṣẹ́ yá. Àwọn tó ń rà ló lọ. Nítorí náà, bí ẹ ti ń wá ohun tí ẹ máa ṣe, ẹ wá ẹni tó ń dúró dè é pẹ̀lú. Ẹ wo àwọn ọmọkùnrin tó ń hun aṣọ òkè ní ìlú yìí: ìyàwó ti pín káàdì, ẹbí ti san owó aṣọ ẹbí, ọjọ́ Sátidé kò ní yẹ̀. Ojú wọn kì í kúrò lórí òfì. Tàbí kí ẹ rántí Odòlayé Àrẹ̀mú àti àwọn olórin dadakúàdà yòókù. Òde ìnáwó ni wọ́n ti ń kọrin, ẹni tó jókòó síwájú wọn ni wọ́n ń wò, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń wá. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jókòó síwájú yín, ẹ pe ẹnì kan kó wá jókòó, ì báà ṣe àbúrò yín tí ò mọ̀ ju kó bú iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fọwọ́ sí èyí fún mi: mi ò ní parọ́ fún àwọn ọmọ yín pé ebi ń mú iṣẹ́ ọnà dára. Ebi ń mú kéèyàn sùn ni. Ẹni tó bá ríṣẹ́ tíṣà, kó gbà á. Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá ní kí ẹ bá òun kọ orúkọ sára mọ́tò, ẹ kọ ọ́, kí lẹ́tà rẹ̀ sì gún. Mo bẹ̀ yín kí ẹ má fi iṣẹ́ ìjẹun gba gbogbo wákàtí ọwọ́ yín. Wákàtí kan lójúmọ́ tó, bó bá jẹ́ wákàtí kan náà lójoojúmọ́. A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù.

Àwọn kan nínú yín máa di àgùnbánirọ̀ láìpẹ́, wọ́n á gbé yín lọ síbi tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ má fi ọdún yẹn sọkún fún Ìlọrin. Ẹ béèrè ẹni tó ń hun ẹní níbẹ̀, ẹni tó ń rọ irin, ẹni tó ń kun ògiri. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ gbé ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ gbé. Fóònù yín á fi iṣẹ́ ẹgbàágbèje ayàwòrán hàn yín lórí Instagram kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó sì rò pé ẹ ti ṣiṣẹ́. Ojú yín ló ṣiṣẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, ti yàrá iṣẹ́ ni. A ti gbà pé kí ẹ máa lò ó títí oṣù yìí á fi parí, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àwọn ère amọ̀ tí ò tíì jóná tó wà lábẹ́ fèrèsé, tí wọ́n ò kọ orúkọ sí, ẹ wá kó wọn kó tó di Jímọ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù, àwọn ọmọ ọdún kìíní máa rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á gún un, wọ́n á fi ṣe tiwọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mi ò sì ní gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.