ÌGBÌ RÉDÍÒ ÀTI OJÚ Ọ̀RUN TIWA
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní Kàbà)



Ẹni tí ó ti ń gbọ́ rédíò ní Kàbà láti ọjọ́ pípẹ́ yóò ti ṣàkíyèsí pé àwọn ilé iṣẹ́ ọ̀nà jíjìn tí a kì í gbọ́ lọ́sàn-án lórí medium wave a máa dún ketekete lóru. Kí ni ó fà á? Láti nǹkan bí 60 kìlómítà sókè, ìtànṣán oòrùn ń fi agbára iná sínú atẹ́gùn. Ìpele yìí ni à ń pè ní ionosphere. Lọ́sàn-án, apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ a máa gbé ìgbì rédíò mì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, apá náà a rẹ̀ dànù, apá òkè a sì dá ìgbì padà sílẹ̀ bí dígí ti í dá ìmọ́lẹ̀ padà.

Iṣẹ́ onímọ̀ ojú ọjọ́ òfuurufú ni láti fi ìṣirò sọ bí ìpele yìí yóò ti rí. Ẹ̀rọ kan a rán ìgbì sókè, a sì ka àkókò tí ó fi padà. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń ṣe ìyókù.

Ẹ jẹ́ kí á wo èyí tí ó kàn wá. Ìlà agbedeméjì òòfà ayé gba apá òkè Nàìjíríà kọjá. Nítorí náà, bí oòrùn bá wọ̀, ionosphere wa a máa dàrú ju ti Yúróòpù lọ. Rédíò a máa já, GPS a sì máa ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí a bá gbé àwọn òbí wa lọ sí Hajj, rédíò ọ̀nà jíjìn ni awakọ̀ òfuurufú ṣì ń gbára lé ní ọ̀pọ̀ ibi lórí aṣálẹ̀. Ìṣirò tí a ti ilẹ̀ òkèèrè ṣe kì í fi gbogbo ara bá ojú ọ̀run wa mu, nítorí ẹ̀rọ ìwọ̀n kò pọ̀ ní Áfíríkà. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì. Ìbàdàn ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1950; níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Onwumechili ti ṣe ìwádìí odò iná tí ó ń ṣàn lókè ìlà náà. Ní ìpínlẹ̀ Kogi wa gan-an, ní òdìkejì Odò Ọya, NASRDA gbé ibùdó ìwádìí ojú sánmà kalẹ̀ sí Anyigba.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sá fún ìṣirò àti físíìsì. Bí a kò bá wọn ojú ọ̀run wa, ta ni yóò bá wa wọ̀n ọ́n?

Kí Allah fún wa ní òye. Aamin.