Aṣọ Ni Ẹlẹ́rìí Afẹ́fẹ́: Ijó Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Níwájú Kámẹ́rà

Mo júbà àwọn ọmọ Àyàn tó jókòó lápá ọ̀tún mi, nítorí bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa ijó lónìí, àwọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ méje wọ ọ́fíìsì mi. Fídíò ijó ni wọ́n fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá wọn, àwọn ohun ìṣẹ̀dá ni wọ́n sì fẹ́ gbé e kà. Wọ́n ti kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀: omi, afẹ́fẹ́, iná, ilẹ̀, ìṣẹ́jú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aṣọ aláró fún omi, funfun fún afẹ́fẹ́, pupa fún iná, aláwọ̀ ilẹ̀ fún ilẹ̀. Ìwé náà mọ́ tónítóní. Mo kà á tán, mo ní, "Ẹ ṣeun. Irin ńkọ́?"

Wọ́n wo ara wọn lójú. Mo ní irin ni mo wí, irin Ògún, tí wọ́n fi rọ àdá tí ẹ óo fi la ọ̀nà dé etí odò, tó sì wà nínú kámẹ́rà tí ẹ óo gbé kọ́rùn. Ewé náà ńkọ́? Mẹ́rin tí ẹ tò yìí, Empedocles ará Gíríìsì ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀, ní ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù. N kò bá a jà. Òun gan-an sọ pé ìfẹ́ ló ń pa àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, tí ìjà sì ń tú wọn ká. Àwọn tó ń ya fídíò ló gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í gbé yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọya tó ni ìjì náà ló ni odò; odò tí òyìnbó ń pè ní Niger, Odò Ọya ló ń jẹ́ lẹ́nu wa. Iná Ṣàngó, inú òjò ló ti ń kọ mànà. Ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá bá wa ní oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ ni, ilẹ̀ sì ni, torí eruku ló gbé dání. Bí ẹ bá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìṣẹ́jú tirẹ̀, wọn ò ní pàdé. Bí wọn ò bá sì pàdé, kí ni oníjó ń ṣe láàrin wọn?

Ìyẹn ni àríyànjiyàn wa àkọ́kọ́. Èkejì le jù ú lọ. Ọmọbìnrin kan dìde nínú ọ́fíìsì náà, ó fi apá ṣe ìgbì fún mi. Apá náà rọ̀, ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n mo ti rí apá yẹn lórí ìtàgé fún ọdún mélòó kan. Mo ní kó lọ dúró nínú odò tó mu ún dé orúnkún, kó gbé ẹsẹ̀ bàtá kan ṣoṣo níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní, "Màmá, kò ṣeé gbé." Omi di ẹsẹ̀ mú, òkúta ń yọ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, ìbàdí sì ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá kó má baà ṣubú. Mo ní ohun tí ìbàdí rẹ yẹn ṣe, òun ni kí o lọ tún ṣe kí kámẹ́rà rí i.

Àwọn àgbà oníjó ti gba ọ̀nà yìí rí. Nígbà tí Pina Bausch, aṣètò ijó, gbé ijó tó fi orin Stravinsky, olórin ọmọ Rọ́ṣíà, ṣe kalẹ̀ ní Wuppertal, ní Jámánì, lọ́dún 1975, ilẹ̀ gidi ló ní kí wọ́n dà bo orí ìtàgé. Kò sí oníjó tó ṣe bí ẹni pé òun ni ilẹ̀. Ilẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ wọn lára, tó ń pò mọ́ òógùn, tó ń ba aṣọ jẹ́, títí àárẹ̀ tí ẹ rí kò fi jẹ́ àárẹ̀ eré mọ́. Alvin Ailey, aṣètò ijó ọmọ Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn nínú ijó rẹ̀, Revelations, lọ́dún 1960: aṣọ gígùn tí wọ́n fà láti ìhà kan ìtàgé dé èkejì ló fi ṣe odò. Ó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìtàgé ló gbà bẹ́ẹ̀ fún un. Kámẹ́rà tó lè dé etí odò fúnra rẹ̀ kì í tètè gba aṣọ ní odò.

Afẹ́fẹ́ ló fún wa níṣẹ́ jù. Kámẹ́rà ò lè rí i. Ohun tí afẹ́fẹ́ bá ṣe sí nǹkan mìíràn nìkan ló lè rí. Àwọn baba wa ti yanjú èyí tipẹ́. Ẹ wo egúngún tí ẹ̀kú rẹ̀ jẹ́ abala aṣọ lórí abala aṣọ. Tó bá dúró, aṣọ ni. Tó bá yí bìrí, gbogbo abala náà á fò, atẹ́gùn á kan ẹni tó dúró nítòsí, ire la sì gbà pé atẹ́gùn náà ń gbé bọ̀. Loie Fuller, ọmọ Amẹ́ríkà tó di ìlúmọ̀ọ́ká ní Paris láti 1892, fi ọ̀pá sínú aṣọ sílíkì gbọọrọ kí apá rẹ̀ lè gùn, ó ń jù ú yí ara rẹ̀ ká nínú iná aláwọ̀ oríṣiríṣi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tọrọ àjákù àǹkárá lọ́wọ́ àwọn télọ̀, wọ́n rán an ní abala abala sí ẹ̀yìn àdìrẹ kan. Láti ọjọ́ náà ni aṣọ aláwọ̀ mẹ́rin ti kúrò nínú ètò. Aṣọ kan ṣoṣo ni oníjó wọ̀ délẹ̀, ẹrẹ̀ àti èéfín sì wà lára rẹ̀ kí a tó parí.

Wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lọ yà á ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Mo ní ibi ìbọ ni títí dòní, kì í ṣe ẹ̀yìn àwòrán. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀, tàbí kí ẹ wá omi mìíràn. Wọ́n wá odò kékeré kan lẹ́yìn oko. Mo ní kí wọ́n lọ wò ó ní aago tí wọ́n fẹ́ yà á gan-an. Aago mọ́kànlá ni wọ́n kọ sínú ìwé, nítorí mọ́tò. Ní aago mọ́kànlá nílẹ̀ wa, oòrùn ti ga lókè orí, ihò ojú oníjó á ṣókùnkùn bí ẹni tí kò sùn. Òwúrọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó rọ̀ wà, kì í sì í pẹ́ kó tó lọ. Fóònù tún ní ìwà kan: bó bá rí omi tó ń dán, omi ló máa ń tọ́jú, á sì sọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ di òjìji. Ẹ tẹ ojú oníjó lórí fóònù, kí ẹ tì í pa síbẹ̀.

Gbogbo ètò yìí, òjò tó rọ̀ sí orísun odò lóru ọjọ́ kan ló tú u ká. A dé ibẹ̀ ní kùtù, a bá omi tó ti pọ́n, tó ti bo òkúta tí a fẹ́ jó lé mọ́lẹ̀. A padà sílé. Ní ti iná, wọ́n fẹ́ da kẹrosíìnì yí oníjó ká. Mo kọ̀ jálẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà hun máa ń yọ́ mọ́ ara. Ibi tí àwọn ìyá kan ti ń yan gàrí lálẹ́ ni a lọ, a kí wọn, a jókòó, a sì ya ìmọ́lẹ̀ ààrò lára oníjó.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìlù, torí ibẹ̀ ni fídíò ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ti ń dojú rú. Gbogbo ẹni tó ní fóònù ló mọ bí a ṣe ń fa àwòrán. Kámẹ́rà á ya àwòrán 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, a ó fi 25 hàn, ijó á falẹ̀ dé ìdajì. Ṣùgbọ́n nínú ijó bàtá, ìyáàlù ni ẹsẹ̀ ń dá lóhùn. Bí ẹ bá fa ẹsẹ̀, tí ìlù sì ń sáré lọ, ẹni tí ìlù ń bá wí ti di adití. Àwọn tó ń ya fídíò orin máa ń gbé orin sí ìlọ́po méjì ìyára rẹ̀ bí oníjó bá ń jó, kí wọ́n lè bára mu tí wọ́n bá fa àwòrán. Ìyẹn ṣeé ṣe fún orin inú fóònù. Ẹ dán an wò, ẹ ní kí onílù bàtá lù ú ní ìlọ́po méjì, kí ẹ wá wo ojú tí yóò fi wò yín! Nítorí náà, ohun tí kì í dá ìlù lóhùn nìkan la fà: aṣọ tó ń fò, omi tó ta sókè, eruku.

Ó wá ku bí omi yóò ṣe pàdé ilẹ̀. Ní 1945, Maya Deren ṣe fíìmù kékeré kan ní Amẹ́ríkà, A Study in Choreography for Camera. Talley Beatty, tó ti jó nínú ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham, ni oníjó rẹ̀. Beatty gbé ẹsẹ̀ sókè nínú igbó. Ibi tí ẹsẹ̀ náà balẹ̀ sí, inú yàrá ni. Ijó ò já, ilẹ̀ ló yí. Mo fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, n kò sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ kejì, mo bá wọn lórí pápá bọ́ọ̀lù, wọ́n gbé korobá omi dání. Ẹsẹ̀ tó jáde nínú odò gbọ́dọ̀ balẹ̀ sínú eruku, kó sì ṣì máa kán omi. Ìgbà mọ́kànlá ni wọ́n yà á. Eruku ń gbẹ omi náà kí ẹsẹ̀ tó dúró, wọ́n á tún rọ ọ́, wọ́n á tún jó. Níbi tí wọ́n ti ń sinmi ni ọmọ tó di kámẹ́rà mú ti rí ohun kan tí èmi olùkọ́ wọn ò rí.

Alága, mo rí i pé ẹ ń wo aago. Ẹni tó wà nídìí iná gbọ̀ngàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa pa á. Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ ni fídíò náà. Ẹ ò ní rí oníjó ní ìbẹ̀rẹ̀. Korobá kan lẹ óo rí, tí omi inú rẹ̀ ń gbọ̀n nítorí ẹsẹ̀ tó ń lu ilẹ̀ nítòsí.