Àkọ́rọ̀ òjò ní Sahel: Kí ni ilẹ̀ àti igi ń tú sínú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí?



Tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀ ní àríwá Nàìjíríà, ní Niger tàbí Mali, inú àgbẹ̀ a dùn, inú darandaran náà a dùn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ń ṣẹlẹ̀ tí ojú kò rí.

Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, náítírójìn láti ara ìgbẹ́ màlúù àti ewé gbígbẹ máa ń kó jọ sínú ilẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń lò ó kò lè ṣiṣẹ́ nítorí pé kò sí omi. Gbàrà tí òjò bá kan ilẹ̀, wọ́n á jí. Láàárín wákàtí díẹ̀, afẹ́fẹ́ kan tó ń jẹ́ nitric oxide á máa jáde láti inú ilẹ̀. Ó pọ̀ débi pé sátẹ́láìtì ń rí ipa rẹ̀.

Lọ́dún 2006, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣe ìwádìí AMMA gbé bàálù gbéra láti Niamey. Níbi tí òjò ti ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ ní Sahel, wọ́n bá afẹ́fẹ́ yìí lójú òfurufú. Lókè igbó Benin Republic, isoprene ni wọ́n bá, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí igi ń tú jáde.

Tí àwọn méjèèjì bá pàdé lábẹ́ oòrùn, wọ́n lè di ozone. Ozone tó wà lókè réré ń dáàbò bò wá. Èyí tó wà nítòsí ilẹ̀ ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá, ó ń dín irè oko kù, ó sì ń dá kún ooru ayé.

Ṣé ká wá gé igi ni? Rárá o. Ewé igi tún máa ń fa ozone mọ́ra, ó sì ń gba afẹ́fẹ́ kábọ́nù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí: nitric oxide yìí kan náà ló ń jáde láti inú ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ àti igbó tí à ń dáná sun. Ní ìlú ńlá bíi Èkó, Kano tàbí Accra, tiwa ló ń kún ti ilẹ̀.

A kò lè ní kí ilẹ̀ má tú afẹ́fẹ́ jáde. Èéfín ló wà ní ìkáwọ́ wa. Òun ni ká dín kù, ká sì jẹ́ kí igi dúró.