Ta Ni Kí A Gbọ́ràn Sí Lẹ́nu?

  

Ọ̀rọ̀ ìgbọràn ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé kò dùn létí ọ̀pọ̀ nínú wa. Bí mo bá ti dárúkọ rẹ̀ nínú kíláàsì mi, ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a yí padà. Mi ò bá wọn wí. Àwọn olówó ẹrú fi Éfésù 6:5 de àwọn baba ńlá wa mọ́lẹ̀, pé kí ẹrú gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu. Ní ọdún 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan jáde ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú tó wà ní erékùṣù Kàríbíà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ẹ̀dà rẹ̀ kan wà ní Yunifásítì Fisk ní Nashville. Wọ́n fi ẹsẹ Éfésù yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ìtàn bí Ọlọ́run ṣe kó Ísírẹ́lì jáde ní Íjíbítì. Wọ́n yọ Ẹ́kísódù 21:16 pẹ̀lú, tó ní ikú ni ìyà ẹni tó bá jí ènìyàn tà. Ajínigbé mọ̀ pé òun ni òfin náà ń bá wí.

Ẹ ṣí Ẹ́kísódù 20. Kí Ọlọ́run tó pa àṣẹ kan, ó kọ́kọ́ rán wọn létí pé òun ló mú wọn kúrò lóko ẹrú. Ìtúsílẹ̀ ló ṣáájú, òfin ló tẹ̀ lé e. Nínú Diutarónómì 5:14-15, ó ní kí ẹrú pàápàá sinmi lọ́jọ́ ìsinmi, nítorí pé àwọn fúnra wọn ti ṣe ẹrú rí. Jésù kò yí èyí padà. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè òfin tó tóbi jù, inú Tórà ló ti mú èsì: ìfẹ́ Ọlọ́run, Diutarónómì 6:5, àti ìfẹ́ ọmọnìkejì ẹni, Léfítíkù 19:18.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́ràn sí Ọlọ́run lè kọ̀ fún ọba. Fáráò ní kí Ṣífírà àti Púà, àwọn agbẹ̀bí, pa àwọn ọmọkùnrin. Wọn kò pa wọ́n. Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò kò tẹríba fún ère wúrà. Pétérù sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ pé ti Ọlọ́run ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ti ènìyàn (Ìṣe 5:29).

Ó ṣẹlẹ̀ ní Atlanta wa níbí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, Martin Luther King àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ béèrè oúnjẹ ní ilé ìtajà Rich's, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ènìyàn dúdú jókòó jẹun. Ọlọ́pàá mú wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961, àwọn ilé ìtajà ìlú yìí ṣí ibi ìjẹun wọn fún wa. Nígbà tí King kọ lẹ́tà láti ẹ̀wọ̀n Birmingham ní 1963, ó tọ́ka sí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta inú iná yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ó rọrùn láti kọ̀ fún Fáráò. Kíkọ̀ fún ara ẹni ló nira. Ọba Sọ́ọ̀lù ṣàìgbọràn, ó wá kó àgùntàn tó sanra wá fún ẹbọ. Sámúẹ́lì sọ fún un pé ìgbọràn ni Ọlọ́run ń fẹ́, kì í ṣe ọ̀rá àgbò. Èmi tí mò ń rúbọ nínú tẹ́ńpìlì yìí, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ní ọdún kan, mo gbé àsíá nínú ìwọ́de Ọjọ́ King, nígbà tí owó arábìnrin tó rán aṣọ funfun mi ti wà lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Léfítíkù 19:13 ní kí owó alágbàṣe má sùn mọ́ wa lọ́wọ́. Orí kan náà tí mo fi ń kọ́ yín ní ìfẹ́! Mo lọ san án, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí a tó tún pàdé, kí kálukú wò ó: owó ta ló wà lọ́wọ́ mi? Ta ni mo ń lò bí ẹrú? Ibẹ̀ ni kí ìgbọràn wa ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣẹ o.