Àyẹ̀wò Ìgbẹ́ Ọmọdé: Ẹ Ka Ìwé, Ẹ sì Wo Ọmọ



Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí a ti kírun àsùbá tán, abilékọ kan gbé ọmọ ọlọ́dún méjì wá bá mi ní Ìgbògbò níhìn-ín. Ìgbẹ́ gbuuru ti ń ṣe ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó na ìwé àyẹ̀wò sí mi, ó ní: "Ààfáà, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Èyí kì í ṣe àrùn lásán. Ẹ bá mi ṣe hàntú." Mo ka ìwé náà: òótọ́ ni, wọn kò rí ẹyin aràn, wọn kò rí kòkòrò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ọmọ, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ẹnu rẹ̀ gbẹ, kò sì tíì tọ̀ láti alẹ́. Mo ní: "Ìyá ọmọ, àdúà yóò tẹ̀lé ọ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ nísinsìnyí." Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, omi tí wọ́n fà sí i lára ni ó gbà á là.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa: "a kò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí." Awò tí wọ́n fi ń wo ìgbẹ́ lè fi ẹyin aràn hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi rotavirus hàn, èyí tí ó wà lára ohun tí ó ń fa gbuuru fún ọmọdé jùlọ. Bí ìwé bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ àti ọyún wà nínú ìgbẹ́, ó lè jẹ́ ìgbẹ́ ọ̀rìn; dókítà ni yóò yan oògùn. Bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò mìíràn lè máa bá ìgbẹ́ jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ara ọmọ ti dá. Ọmọ tí ó ń jẹun, tí ó ń ṣeré, ẹ má tìtorí ìwé ra oògùn fún un lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì; ẹ mú ìwé padà tọ dókítà lọ, kí ẹ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìkòròdú wà lára àwọn ibi tí ó kọ́kọ́ kàn. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ni a fi ń dá àrùn náà mọ̀ dájú, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí a fi ń gbin kòkòrò lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Omi ara ọmọ kò lè dúró dè é. Nítorí náà, ẹ tètè fún ọmọ ní omi ORS, ẹ má gba ọmú tàbí oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ tí ó ti ju oṣù mẹ́fà lọ yóò máa lo zinc, mílígíráàmù 20 lójúmọ́, fún ọjọ́ 10 sí 14. Láti ọdún 2022, àjẹsára rotavirus, èyí tí a ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu, ti wà lára àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà. Ẹ má jẹ́ kí ó fo àwọn ọmọ yín.

Ànábì wa pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun bá wa wo àwọn ọmọ wa. Àmín.